Ẹnikẹ́ni Ò Gbọdọ̀ Na Màmá

Nílé wa ní Portlossan, òfin kan wà tí a kò kọ síbì kankan, tí gbogbo wa sì mọ̀ ọ́n: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ na Màmá nídìí gọ́ọ̀fù. A lè bá a jiyàn lórí ẹja, lórí ìjọba, lórí ẹni tí yóò wa mọ́tò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n tí a bá ti gbé àpò ọ̀pá kọ́ èjìká, tí a kọjá ojú irin bọ́ sí etí òkun, Màmá ni yóò borí, kò sí àní-àní.

Kì í ṣe pé Màmá ò mọ̀ ọ́n gbá. Effie Mair lorúkọ rẹ̀, kò sì sí àgbàlagbà kan ní etíkun wa tí kò ní sọ fún ọ pé nígbà tí egungun obìnrin yìí ṣì le, bó ṣe ń fi bọ́ọ̀lù gba abẹ́ afẹ́fẹ́ kọjá dà bí ẹni ń ti òwú bọ abẹ́rẹ́. Ọdún tí Bàbá wa kú lọ̀rọ̀ yí padà. Ní Sátidé tó tẹ̀lé ìsìnkú, a fẹ́rẹ̀ẹ́ fi agídí wọ́ ọ jáde wá sórí pápá, nítorí ojú fèrèsé ló ń jókòó sí láti àárọ̀ dalẹ́. Nígbà tí a dé ihò ìkẹyìn, ọkọ mi, Sandy, mọ̀ọ́mọ̀ gbá tirẹ̀ kọjá ihò kí Màmá lè borí. Màmá rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ẹ̀rín yẹn dùn mọ́ wa débi pé a ò lè jáwọ́ mọ́. Ọdún mẹ́jọ rèé. Tí Màmá bá ṣàṣìṣe, a ó kọjú sí òkun. Tó bá ku díẹ̀ ká nà án, ọwọ́ wa á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ọ̀wọ̀ la kà á sí, n kò sì tíì rí ẹni tó láyà láti sọ fún mi pé kì í ṣe ọ̀wọ̀.

Oṣù karùn-ún ni Ailsa mú Finlay wálé. Ailsa ni ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Bàbá àti ìyá rẹ̀ wà ní Kánádà níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, ọwọ́ Màmá ló dàgbà sí. Finlay Strachan jẹ́ awakọ̀ ojú irin, ará òkè lọ́hùn-ún, níbi tí igi ti pọ̀ ju èèyàn lọ. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, etí rẹ̀ sì máa ń pọ́n bí ata tí ojú bá tì í. Gbogbo wa la fẹ́ràn rẹ̀. Màmá nìkan ni kò sọ nǹkan kan. Ó fún un ní tíì, ó fún un ní bisikíìtì, ó wò ó láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó wá bi í bóyá ó ń gbá gọ́ọ̀fù. Ọmọkùnrin náà ní òun ń gbá a díẹ̀díẹ̀. Màmá ní, "Sátidé," ó sì dìde lọ fọ ife.

Ailsa bá mi nínú ilé ìdáná lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ojú rẹ̀ ti ń ro omijé. Ó ní kò sí òrùka kankan tí òun máa fi sọ́wọ́ àyàfi tí Màmá Àgbà bá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun gba ọkùnrin náà. Mo ní ṣé obìnrin tó ti pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ṣì ń gbàṣẹ ni. Ó ní, "Àǹtí Netta, òun ló jí pẹ̀lú mi ní gbogbo òru tí èéyi fi ń ṣe mí. Bí inú rẹ̀ ò bá yọ́ sí i, n ò lè fẹ́ ẹ." Mo mọ̀ pé kò ṣeré. Bí Màmá ṣe jẹ́ náà ló jẹ́, alágídí ọmọ alágídí.

Nítorí náà, nígbà tí Sátidé dé, mo fa Finlay sẹ́yìn níbi tí ọ̀nà ti kọjá ojú irin. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, n kò fi ọ̀kan pe méjì. Mo ní Màmá gbọ́dọ̀ borí. Mo ní tó bá ṣì í gbá, kó bá wa wo òkun, òkun wa rẹwà, kò ní rẹ̀ ẹ́ láti wò ó. Mo ní ìyàwó ló wá fẹ́, kì í ṣe ife-ẹ̀yẹ. Ó ní òun gbọ́. Mo tún un sọ, ó tún ní òun gbọ́. N kò mọ̀ pé ẹni tó gbọ́ yàtọ̀ sí ẹni tó gbà.

Méjì-méjì la máa ń gbá a nílé wa. Ẹgbẹ́ tí kò gbá bọ́ọ̀lù púpọ̀ kó tó wọlé ló jẹ ihò, ẹgbẹ́ tó bá sì jẹ ihò jù ló borí. Ẹni méjì ló ni bọ́ọ̀lù kan, wọ́n á sì máa gbà á gbá lọ́wọ́ ara wọn: bí mo bá gbá a báyìí, ìwọ ló kàn, ibi yòówù kí n gbé e sọ sí, ìbáà jẹ́ inú ẹ̀gún. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbá a láti ṣí ihò kìíní, ẹnìkejì rẹ̀ ni yóò ṣí ìkejì, bẹ́ẹ̀ náà ni títí dé ìkejìdínlógún. Ẹni tó bá wá gbá a nígbà tí kò kàn án, ẹgbẹ́ rẹ̀ ti pàdánù ihò yẹn nìyẹn, kò sí ẹ̀bẹ̀. Màmá àti Ailsa ni ẹgbẹ́ kan. Èmi àti àna tí a kò tíì gbà ni ìkejì.

Ọjọ́ náà dára, kí n má parọ́. Igbó ẹlẹ́gùn-ún ti yọ òdòdó rẹ̀ aláwọ̀ yẹ́lò káàkiri orí òkìtì iyanrìn, òórùn rẹ̀ sì ń ta bí àgbọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́. Ẹyẹ ń kọrin lókè tí èèyàn ò rí wọn. Òkun ń dán, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ láti ọwọ́ ọ̀tún wa bí ó ti máa ń fẹ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi. Èmi ló ṣí ihò kìíní, ìkejì wá kan Finlay. Ó dúró síbi tí wọ́n ti ń ṣí i, ó gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gbá a láàárín igi lọ́hùn-ún, ó gbé e lọ sókè réré. Ó lẹ́wà lójú. Afẹ́fẹ́ gbà á mú lókè, ó yí i po, ó sì lọ sọ ọ́ sí etí omi láàárín àwọn ewé òkun.

Màmá ní, "Ọ̀gbẹ́ni awakọ̀, reluwé rẹ ti yẹ̀ kúrò lójú irin o."

Etí rẹ̀ pọ́n. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etí omi nítorí èmi ló kàn, mo gbá bọ́ọ̀lù náà láti inú iyanrìn tútù, bàtà mi sì kún fún omi. Nígbà tí mo padà dé, mo sọ fún un pé ọmọ mi, òfuurufú kì í ṣe tiwa níbí. Ilẹ̀ ni kí o lọ bá dúnàá-dúrà. Mo fi hàn án bó ṣe lè gbá bọ́ọ̀lù sílẹ̀, kó máa sáré, kó máa ta lórí ilẹ̀ líle, kó gun òkìtì, kó sọ̀ kalẹ̀, kó fúnra rẹ̀ wá ọ̀nà. Ihò méjì ló fi ń fi ọ̀pá ha ilẹ̀. Nígbà tó di ìkẹrin, ó gbá ọ̀kan tí kò ga ju orí ẹṣin lọ, bọ́ọ̀lù náà sì sáré, ó sáré, ó yí òkìtì kan po bí ẹni tó mọ ilé tó ń lọ, ó dúró sítòsí àsíá tó wà nínú ihò. Finlay kígbe ayọ̀, ó fò sókè. Èmi náà fò sókè kí n tó rántí ẹni tí mo jẹ́.

Ihò kẹsàn-án ni àlejò máa ń rántí jù. Orí àpáta ni wọ́n ti ń ṣí i, èèyàn á sì gbá bọ́ọ̀lù kọjá ibi tí òkun ti ya wọ inú ilẹ̀, ìgbì ń fọ́ nísàlẹ̀, omi ń ta sí ọ ní ojú. Bí bọ́ọ̀lù bá kúrú, ti ẹja ni. Màmá ló ṣí i. Ó fi ọ̀pá onígi rẹ̀ àtijọ́ tẹlẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀ bí adìẹ tó fẹ́ yé ẹyin, ó wá fì í lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bọ́ọ̀lù náà kọjá lórí omi pẹ̀lú ìwọ̀nba àyè, ó balẹ̀ lódì kejì. Finlay gbàgbé pé alátakò lòun, ó ń pàtẹ́wọ́. Màmá wò ó pé ṣé wọ́n fi owó bẹ̀ ẹ́ ni, ṣùgbọ́n mo rí i pé ẹnu rẹ̀ fẹ́ yà sí ẹ̀rín kó tó pa á mọ́.

Ní tèmi, mo ń to iṣẹ́ mi bí mo ṣe máa ń tò ó. Bí ọmọkùnrin náà bá gbá èyí tó dára jù, èmi á gbá èyí tó burú díẹ̀, ká lè máa wà lẹ́yìn Màmá ní ìwọ̀n tí kò ní tì í lójú, tí kò sì ní fu ú lára. Nígbà tí a parí ìkẹrìndínlógún, ihò kan ṣoṣo ni wọ́n fi lé wa sílẹ̀. Bí wọ́n bá jẹ ìkẹtàdínlógún, ó parí, ká lọ mu ọbẹ̀. Inú mi balẹ̀. Mo ti ń ronú irú fìlà tí n ó dé níbi ìgbéyàwó.

Ní ìkẹtàdínlógún yìí, a ti gbá tiwa lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kò tíì wọlé. Ẹ̀ẹ̀mejì làwọn gbá tiwọn, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ koríko kúkúrú tí ihò wà, Màmá ló sì kàn. Ó fi ọ̀pá rọra tì í, bọ́ọ̀lù náà gun òkìtì kékeré, ó sọ̀ kalẹ̀ wọ̀ọ̀, ó sún mọ́ ihò débi pé ìwọ̀n apá kan ló kù. Àgbàyanu ni. Ayọ̀ gbé Màmá. Ó rìn tẹ̀lé bọ́ọ̀lù náà, kò dúró, kò wo ẹ̀yìn, ó na ọ̀pá, ó sì tì í wọlé.

Ailsa ló yẹ kó gbá ìyẹn.

Mo rí i. Ailsa rí i. Lójú ẹsẹ̀ èmi yí ojú sí òkun, níbi tí àwọn ajá òkun, ẹran omi onírun wọ̀nyẹn, ti máa ń sùn lórí àpáta. Ailsa bẹ̀rẹ̀ sí í nu ojú. Gbogbo nǹkan ń lọ bó ṣe yẹ. Ìgbà yẹn ni Finlay fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ̀rọ̀, irú ohùn tí wọ́n fi ń sọ fún èrò pé ọkọ̀ tó wọ̀ kọ́ ló ń lọ síbi tó ń lọ.

"Ẹ jọ̀wọ́ mà, Ailsa ló kàn láti gbá ìyẹn."

Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Bàtà gọ́ọ̀fù sì rèé, ó ní ìṣó lábẹ́. Kò tilẹ̀ ṣẹ́jú.

Màmá yíjú padà. "Kí lo wí?"

"Ẹ̀yin lẹ gbá a dé ibí mà, ẹ̀yin náà lẹ tún gbá a wọlé. Ailsa ló kàn."

 Mo rí i tó ń fi ìka kà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ rẹ̀, èmi, òun, èmi. Ó wá bi mí bóyá mo rí i. Mo ní ajá òkun ni mò ń wò. Ó bi Ailsa. Ailsa ní afẹ́fẹ́ kó iyanrìn sí òun lójú.

Màmá ní, "Ọ̀kan ń wo ajá òkun, iyanrìn kó sí ìkejì lójú. Ìwọ awakọ̀, ìwọ ò rí ajá òkun ni?"

"Mo rí i mà. Ó sanra dáadáa. Ṣùgbọ́n mo rí bọ́ọ̀lù náà."

Ojú Ailsa funfun bí aṣọ òkú. Ní tèmi, ká ní ilẹ̀ lanu ni, mo ti wọlé. Màmá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yọ bọ́ọ̀lù rẹ̀ nínú ihò, ó nù ún lára aṣọ. Ó ní ẹ̀yin lẹ ni ihò yìí, a ti di ọgbọọgba, ó sì kọjá lọ síbi ìkejìdínlógún láìdúró de ẹnikẹ́ni. N kò rí i kó rìn kíákíá bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí orúnkún ti ń dùn ún.

Ailsa dojú kọ Finlay. Ó ní ó ti bà á jẹ́, ó ní kí ló ń dùn ún lẹ́nu, ó ní ṣé Àǹtí Netta ò kìlọ̀ fún un ni. Èmi náà fẹ́ dá tèmi lé e. Finlay gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká, etí rẹ̀ pọ́n dé ọrùn.

Ó ní, "Mo fẹ́ jẹ́ àna wọn. Ṣé ẹ̀tàn ni kí n fi bẹ̀rẹ̀?"

Àwa méjèèjì gbé àpò wa, a tẹ̀lé Màmá.

Ihò ìkẹyìn kọjú sí afẹ́fẹ́, ó gba etí odi òkuta lọ títí dé iwájú ilé ẹgbẹ́ àwọn tó ń gbá gọ́ọ̀fù. Ailsa ló ṣí i fún wọn, ó gbá a sínú koríko gíga. Finlay ṣí tiwa, ó gbá a sílẹ̀, ó lọ tààrà. Mo ní Màmá kò ní rí bọ́ọ̀lù yẹn gbá jáde nínú koríko. Màmá wọ inú rẹ̀, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó tutọ́ sí àtẹ́lẹwọ́. Ọdún mẹ́jọ, n kò rí i kó tutọ́ sọ́wọ́. Ó fì í pẹ̀lú gbogbo ara, koríko fò, bọ́ọ̀lù jáde, ó gba abẹ́ afẹ́fẹ́ bí ti àtijọ́, ó ń ta, ó ń sáré, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé iwájú àsíá. Èmi gbá tiwa dé orí koríko, ṣùgbọ́n ó jìnnà. Ailsa yí tiwọn sún mọ́ ihò, ó ku bí ìwọ̀n èèyàn kan tó dùbúlẹ̀. Finlay yí tiwa, ó dúró ní ìwọ̀n ọ̀pá kan. Ó wá kan Màmá.

Ó wò ó pẹ́. Ó gbá a. Bọ́ọ̀lù náà fi ara ra etí ihò, ó ronú, ó sì jókòó síta.

Èmi ló kù. Bí mo bá gbá a wọlé, a nà án. Bí mo bá gbá a síta, ọgbọọgba ni, n ó sì rí ọ̀nà tún nǹkan ṣe. Mo wo Ailsa, ó fi eyín há ètè rẹ̀. Ọkọ ọmọ yìí wà lẹ́nu ọ̀pá mi. Mo ti mọ bí n ó ṣe gbá a síta. Ọdún mẹ́jọ ni mo ti fi kọ́ṣẹ́ rẹ̀. Mo bá gbójú sókè, mo rí ojú Màmá. Ó ń fẹ́ kí n kùnà. Ó ń fẹ́ ẹ pẹ̀lú gbogbo ọkàn, bí ọmọdé tó fẹ́ jẹ ẹran tó kù nínú àwo. Ẹ̀rù ń bà á pé n kò ní kùnà, inú rẹ̀ sì ń dùn sí ẹ̀rù náà. N kò rí ojú yẹn láti ìgbà tí Bàbá ti kú.

Ó ní, "Netta, bọ́ọ̀lù ni kí o wò. Má wo ìyá rẹ."

Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ẹ̀tàn. Mo gbá a. Ó yí etí ihò po, ó sì jábọ́ sínú rẹ̀.

 Màmá tẹ̀ síwájú, ó bẹjú wo inú ihò, èjìká rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Mo rò pé ẹkún ni. Mo ju ọ̀pá nù, mo sáré lọ dì í mú. Ẹ̀rín ni. Ó ń rẹ́rìn-ín débi pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbé e mọ́, ó jókòó sórí koríko tí olùtọ́jú pápá ti kọ̀wé sí pé kí ẹnikẹ́ni má jókòó sí.

Mo ní, "Màmá, ẹ má bínú."

"Kí n bínú kẹ̀? Ṣé ẹ rò pé mi ò mọ̀ ni?" Ó di ọwọ́ mi mú. "Arúgbó ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin tó ń borí ní gbogbo Sátidé, ṣé orí mi dàrú ni? Ẹ̀rù ló bà mí pé tí mo bá sọ̀rọ̀, ẹ ò ní mú mi wá mọ́. Bàbá yín ò fi ihò kan ta mí lọ́rẹ rí, Ọlọ́run ló mọ bá a ṣe máa ń jà. Láti ìgbà tó ti lọ, Netta, èmi nìkan ni mò ń dá gbá gọ́ọ̀fù."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára dé egungun. Ó dùn mí, n kò sì mọ bó ṣe jẹ́ pé inú mi tún ń dùn lákòókò kan náà. Mo jókòó tì í sórí koríko, kí olùtọ́jú pápá wá mú àwa méjèèjì.

Finlay wá na ọwọ́ sí i láti gbé e dìde. Màmá ò tíì gbà á. Láti ilẹ̀ níbẹ̀, ó bi í bóyá ó níṣẹ́ ní Sátidé tó ń bọ̀. Ọmọkùnrin náà ní òun máa wa ọkọ̀ òwúrọ̀. Màmá ní kó bá ẹlòmíràn pààrọ̀ rẹ̀, nítorí òun ò ní sùn dáadáa títí òun á fi gbẹ̀san. Ó wá yíjú sí Ailsa.

Ó ní, "Fẹ́ ẹ kíá, kí òun náà tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń wo ajá òkun."

Ìgbà yẹn ló gba ọwọ́ ọmọ náà, ó dìde, kò sì fi sílẹ̀ mọ́ títí tí a fi dé ilé ẹgbẹ́. Ailsa ń sunkún lẹ́yìn, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi ìbọ̀wọ́ nu imú. Inú ilé náà kún fún àwọn tó ń mu ọbẹ̀ ẹja yíyan oníwàrà, Sandy ọkọ mi wà láàárín wọn. Màmá ṣí ilẹ̀kùn gbàgà, ó gbé ohùn sókè bí ẹni tó ń kéde pé wọ́n bímọ, ó ní wọ́n ti na òun lónìí. Síbí dúró lẹ́nu gbogbo wọn. Sandy yíjú sí mi pẹ̀lú ìbẹ̀rù.

Màmá fa Finlay síwájú, ó ní, "Àna mi rèé. Òun ló nà mí." Gbogbo ilé hó yèè, wọ́n dìde, wọ́n ń gbọn ọmọkùnrin náà lọ́wọ́, ẹnìkan fún un ní àga, ẹnìkan gbé ọbẹ̀ síwájú rẹ̀. Èmi tí mo gbá bọ́ọ̀lù ìkẹyìn wọlé, kò sẹ́ni tó dárúkọ mi.